Ìkúnlẹ̀ Ojoojúmọ́: Àtúnyẹ̀wò Ère Abiyamọ nínú Ẹpa Àríwá Èkìtì

Ìfáárà

Nígbàkígbà tí a bá dárúkọ abiyamọ nínú ẹ̀kọ́ àṣà àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, oríyìn ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A ó fi ìyá wé wúrà, a ó sì mẹ́nu ba oṣù mẹ́sàn-án tí ó fi ru oyún àti ọjọ́ tí ó fi rọbí. Kò sí irọ́ nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fara balẹ̀ ka àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lórí ‘Ìyá Mi’, yóò rí i pé wọn kì í sábà sọ ohun tí ìyá náà ṣe ní àná. Oyún àti ìrọbí ni wọ́n mọ̀. Ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé ìrọbí ti sọnù láàárín oríyìn.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àtúnyẹ̀wò ère abiyamọ tí ó máa ń wà lórí Ẹpa, bí a ti mọ̀ ọ́n ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú àyíká wọn. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni igi náà mọ̀ nípa iṣẹ́ òòjọ́ ìyá, kí sì ni kò sọ? A mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyá tí ó bí ọmọbìnrin méjì ṣe òdiwọ̀n. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, òun gan-an ni wọ́n sì ń sọ fún pé kò tí ì bímọ.

Ẹpa àti àwọn tí ó gbẹ́ ẹ

Odindi igi kan ni a fi ń gbẹ́ Ẹpa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí a ń pè ní ìkòkò, ni ó máa ń bo orí ẹni tí ó gbé e. Ojú tí a gbẹ́ sí ara ìkòkò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ojú ènìyàn. Òkè ìkòkò ni ère gidi wà: jagunjagun lórí ẹṣin, oníṣègùn, tàbí abiyamọ pẹ̀lú ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì lè wúwo ju kìlógíráàmù 25 lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a fi màrìwò bò lára ni yóò gbé e jó, yóò sì fò gun òkìtì pẹ̀lú rẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

Agbègbè iṣẹ́ ọnà yìí kò parí sí ààlà Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí a dá sílẹ̀ ní 1996. Òsì, ìlú Aréògún tí ó kú ní 1954, àti Odò-Ọwá, ìlú Bámigbóyè, wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, bẹ́ẹ̀ ni èdè àti àṣà wọn kò yà kúrò lára ti àwọn ará Àríwá Èkìtì. Ní 2022, ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá fún iṣẹ́ Bámigbóyè nìkan. Ní Ọ̀yẹ́ fúnra rẹ̀, láti 1947 títí di 1954, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, bójú tó ibi iṣẹ́ ọnà tí ìjọ dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Bándélé, ọmọ Aréògún, ti ṣiṣẹ́, tí Làmídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún sì ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. A ó padà sí ọ̀rọ̀ Ọ̀yẹ́ láìpẹ́.

Ìkúnlẹ̀ abiyamọ

Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ nípa ère abiyamọ orí Ẹpa ni pé àdúrà ọmọ bíbí ni. A kò jiyàn èyí. Àgàn ń wo ère náà, ó sì ń tọrọ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọmọ bíbí nìkan ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, oyún nìkan ì bá tó gbẹ́nàgbẹ́nà láti gbẹ́. Kì í ṣe oyún ni ó sábà máa ń gbẹ́. Ọmọ ni, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú lórí ọyàn, nígbà mìíràn àwọn mìíràn tún rọ̀ mọ́ ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kì í bá ṣe ìyá ìbejì, ó ṣòro kí ọmọ orí ọyàn àti ọmọ ẹ̀yìn jọ wà lára obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn ìyá wa kì í tètè bí òmíràn tẹ̀lé èyí tí kò tí ì já lẹ́nu ọmú. Èrò tiwa ni pé ọdún púpọ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà kó pọ̀ sójú kan. Ìtọ́jú ni ó gbẹ́, kì í ṣe ìbímọ nìkan.

Ẹ wo ìkúnlẹ̀ náà pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ère abiyamọ ni ó kúnlẹ̀. Àwọn kan jókòó lórí àpótí. Àmọ́ èyí tí ó bá kúnlẹ̀, a máa ń yára túmọ̀ rẹ̀ sí ìkúnlẹ̀ ìrọbí, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń búra tí wọ́n sì fi ń ṣépè. Ìtumọ̀ yìí kéré jù. Ọjọ́ kan ni ìyá ọlọ́mọ méjì kúnlẹ̀ bí àkọ́kọ́, ọjọ́ kan ni ó kúnlẹ̀ bí èkejì. Kí ni ọjọ́ yòókù?

Ẹ jẹ́ kí a fi òwúrọ̀ kan ní Ìkọ̀lé ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ àgbà jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ mẹ́ta. Ìyá ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ó kúnlẹ̀ fẹ́ná nítorí igi tútù. Ó kúnlẹ̀ ti ọpọ́n ìwẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di apá àbúrò mú kí ó má baà yọ̀, ó fi èkejì fi kànrìnkàn ha á lẹ́yìn, ọmọ ń ké pé ọṣẹ wọ òun lójú. Ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀gbọ́n ku ẹyọ kan. Ó kúnlẹ̀ bá àbúrò wọ bàtà, ẹsẹ̀ òsì wọ inú ti ọ̀tún, wọ́n tún bọ́ ọ. Kí ó tó dé ibi tí yóò ti yan gààrí, ó ti kúnlẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, kò sì sí ẹni tí ó fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ búra. Bí wọ́n bá wá gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwé, tí àbúrò wà níwájú lórí táǹkì, tí ẹ̀gbọ́n wà láàárín, tí ìyá wà lẹ́yìn tí ó fi apá ká wọn mọ́ra, ẹni tí ó bá mọ Ẹpa yóò rẹ́rìn-ín músẹ́.

Irun orí tún jẹ́ ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà àti ìyá ti pàdé. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére ń tẹ̀lé: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nígbà fínfín ni a máa ń fi ọ̀bẹ la irun orí ère, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi gún régé. A máa ń yin sùúrù oníṣẹ́ ọnà nítorí èyí, ó sì tọ́ sí i. Ìyá ọlọ́mọbìnrin méjì ń ṣe fínfín tirẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lórí orí tí kò dúró sójú kan. Bí ó bá fẹ́ di ṣùkú fún ẹ̀gbọ́n, orí ọmọ yóò wà láàárín orúnkún rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fi òòyà yà á, yóò máa fi ìtàn tàn án. Àbúrò ti sá lọ nítorí ó mọ̀ pé òun ni ó kàn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo rẹ̀ yóò tún di títú. Ọnà tí a ń tú tí a tún ń dì kò lè wọ ilé ọnà kankan, bóyá ìdí nìyẹn tí a kò fi kà á sí ọnà.

Ohun kẹta ni ìwúwo. Ọkùnrin ni ó ń gbé Ẹpa. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá gbé abiyamọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lérí, tí ọrùn rẹ̀ ń le tantan, tí ó ní láti fò gun òkìtì láìṣubú, ẹrù tí ìyá rẹ̀ rù ni ó ń rù fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Gbogbo ìlú ń wò ó, ìlù ń sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n nítorí bí ó bá ṣubú, àmì burúkú ni. Kò sí onílù ní ẹnu ọ̀nà odò tàbí kànga. Lójú tiwa, èyí ni ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Ẹpa: pé ẹrù abiyamọ tó ohun tí a fi ń dán akọni wò.

Ohun tí ère náà kò sọ

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ìyìn bo àléébù mọ́lẹ̀. Ojú ère abiyamọ tutù, ó pa rọ́rọ́. Kò rẹ̀ ẹ́, kò bínú, kò ronú owó ilé-ìwé. Ẹnìkan lè sọ pé Ẹpa kì í ṣe fọ́tò, pé ìtutù ojú ni ìwà tí Yorùbá ń bọ̀wọ̀ fún. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtutù ojú yìí ni àwùjọ wá sọ di òfin fún obìnrin ẹlẹ́ran ara, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tí ó bá ní ‘ó rẹ̀ mí’ ń dà bí ẹni tí kò mọ iyì ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ló tún ṣòro jù. Èdè wa kò ya ‘ọmọ’ sí akọ àti abo. ‘Ó’ kan náà ni a ń lò fún méjèèjì. Ẹni tí ó bá wo ère náà, ‘abiyamọ ọlọ́mọ méjì’ ni yóò wí, kò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé kọ́, ìbéèrè kì í tán. ‘Ilé ọkọ ni àwọn méjèèjì ń lọ.’ ‘Ta ni yóò di ilé mú?’ Ilẹ̀ tí a ti ń sọ èyí ni ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí ó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò jẹ́ adelé, tí yóò múra bí ọkùnrin, tí àwọn ìjòyè yóò sì kí i bí ọba. Nínú ogún pínpín ní ìdí-igi pẹ̀lú, orí ìyá ni a ti ń ka ìdí, ọmọbìnrin sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Àṣà kò wí pé ìyá yìí kò bímọ. Ẹnu ènìyàn ni ó wí bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Ọ̀yẹ́ ti wúlò. Nígbà tí Bándélé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́gi fún ìjọ, wọ́n gbé Màríà wọ ìrísí abiyamọ Yorùbá. Iṣẹ́ tí ó lẹ́wà ni, ó sì dùn mọ́ni pé Mùsùlùmí bíi Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òrùlé ìjọ Kátólíìkì láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n a kò rí i kí àwọn alárìíwísí kíyè sí ìyípadà kan: ọmọ púpọ̀ ara abiyamọ Ẹpa di ọmọ kan ṣoṣo, ọmọkùnrin sì ni. Ìtàn Bíbélì ni ó sọ ọ́ di dandan, kò sí ẹni tí a lè bá wí. Àmọ́ ère tí ọmọ Ọ̀yẹ́ ń wò lọ́jọ́ Àìkú yàtọ̀ sí èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ ń wò lọ́jọ́ ọdún, ìyá ọlọ́mọbìnrin méjì tí ó jókòó nínú ìjọ kò sì lè rí àwọn ọmọ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Fún àwọn tí yóò lọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbá kan ni a ní. Bí ẹ bá mú àwòrán Ẹpa wọ kíláàsì, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘kí ni ère yìí dúró fún?’ Ìdáhùn tí wọ́n ti há sórí ni ẹ ó gbà. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ìyá wọn kúnlẹ̀ láàárọ̀ òní, àti ohun tí ó kúnlẹ̀ ṣe. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, kí wọ́n tó gbójú sókè wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i.