Orúkọ Wà, Ilé Kò Sí: Lámèyítọ́ lórí Bí GCC Ṣe Ń Tọ́jú Àwọn Ẹ̀rọ AVR

1. Ìfáárà

Lámèyítọ́ tí a mọ̀ jù ni ti ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn. Nínú bébà yìí, ohun mìíràn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ètò kọ̀ǹpútà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn para pọ̀ kọ, tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. GCC ni orúkọ rẹ̀. Ó ti wà láti ọdún 1987. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti túmọ̀ ohun tí a kọ ní èdè C sí àṣẹ tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé. Nítorí náà, atúmọ̀ ni n óò máa pè é. Apá kan ṣoṣo ni mo mú nínú rẹ̀, èyí tó ń túmọ̀ fún AVR, irú ẹ̀rọ ìdarí kékeré tí àwa tí a kàwé ní èdè Faransé ń pè ní microcontrôleur.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí atúmọ̀ bá ní òun mọ ẹ̀rọ kan, kí ni ó ń sọ gan-an? Èrò mi ni pé láti ọdún 2015, orúkọ ẹ̀rọ lè wà lẹ́nu atúmọ̀ kí ilé ẹ̀rọ náà má sí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré fún àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ yìí níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n.

2. Ohun tí orúkọ ń gbé

Alf-Egil Bogen àti Vegard Wollan ló gbèrò AVR nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Trondheim, ní orílẹ̀-èdè Norway. Ilé-iṣẹ́ Atmel ló ṣe é tà, Microchip sì ra Atmel ní 2016. Èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù ni ATmega328P tó wà lórí Arduino Uno: flash 32 KB, RAM 2 KB péré.

Ẹni tó fẹ́ kọ ètò fún un yóò sọ fún atúmọ̀ pé -mmcu=atmega328p. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ti atúmọ̀, orúkọ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó wá ilé lọ. Ohun mẹ́ta ló ń wá. Èkíní ni ìdílé ẹ̀rọ náà, avr5, kí ó lè mọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ náà gbọ́. Èkejì ni fáìlì iom328p.h, tó ń sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ń gbé: PINB wà ní 0x03, DDRB ní 0x04, PORTB ní 0x05. Ẹ̀kẹta ni fáìlì ìbẹ̀rẹ̀, crtatmega328p.o. Nínú rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà 26 wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tàbí nígbà tí nǹkan bá já lu iṣẹ́ rẹ̀, bí aago tó pé. Fáìlì kejì àti ẹ̀kẹta kò sí nínú GCC fúnra rẹ̀. Inú avr-libc ni wọ́n wà, iṣẹ́ mìíràn tí àwọn mìíràn ń tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó fẹ́ tan iná tó wà lórí Uno yóò kọ̀wé sí PORTB. Bí fáìlì bá ṣì í kọ sí 0x04, DDRB ni yóò máa yí padà, èyí tó ń pinnu bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ń gba iná wọlé tàbí ó ń gbé e jáde. Atúmọ̀ kò ní pariwo, torí kò sí òfin èdè C kankan tí a rú. Lórí ATtiny817, PORTB kan náà ti di 0x0420. Ìdí nìyí tí mo fi ka àwọn fáìlì wọ̀nyí sí ìwé tó yẹ fún lámèyítọ́: nọ́ńbà lásán ni wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ìpéye wọn ni gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró lé.

3. Ìpinnu ọdún 2015

Ṣáájú GCC 5, inú atúmọ̀ fúnra rẹ̀ ni àlàyé nípa ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹ̀rọ tuntun bá jáde, àfi kí a tún atúmọ̀ kọ́ tàbí kí a dúró de ẹ̀dà tuntun. GCC 5, tó jáde ní 2015, yí èyí padà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kékeré tirẹ̀ báyìí, bíi specs-atmega328p. Ẹnikẹ́ni lè kọ tirẹ̀, kí ó fi -B tọ́ka ibi tó wà. Mo gbóríyìn fún ìpinnu náà. Ó gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó lè kọ́ atúmọ̀ nìkan, ó fi í fún ẹnikẹ́ni tó lè kọ fáìlì.

Àbùkù rẹ̀ hàn ní 2018. GCC 8 mú ATtiny817 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, nínú ìdílé avrxmega3. Àǹfààní ńlá wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí lè ka flash rẹ̀ bí ẹni ń ka RAM, nítorí náà atúmọ̀ kò nílò láti da ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà kọ sínú RAM mọ́. RAM ATtiny817 jẹ́ báìtì 512 péré. Gbólóhùn kan tó ní lẹ́tà 100 ì bá gbé ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Ṣùgbọ́n avr-libc 2.0.0 ti 2016 ni ó ṣì wà nílẹ̀, títí 2.1.0 fi jáde ní 2022, kò sì sí fáìlì ATtiny817 nínú 2.0.0. Ẹni tó bá pe orúkọ náà, atúmọ̀ á jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò rí ìkìlọ̀ pé a kò mọ irú ẹ̀rọ náà, fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ kò sì ní sí.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí Microchip ń pín àpò fáìlì .atpack, gbogbo rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀? Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ohun méjì ni mo rí sí i. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, forfait ni a ń rà kí a tó gba nǹkan sórí ẹ̀rọ. Olùkọ́ tó ti fi atúmọ̀ àti avr-libc sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rò pé òun ti parí, kò sì tíì parí. Èkejì ló ká mi lára jù: ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú àpò náà lè tún ẹ̀dà tirẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló ń pinnu bóyá àtúnṣe náà yóò dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nínú avr-libc, ojúde gbogbo ènìyàn ni àtúnṣe ń lọ.

4. Ìtọ́jú kì í ṣe àfikún nìkan

N kò fi èyí bú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí cc0 fi hàn bí ẹrù wọn ti wúwo tó. cc0 ni ọ̀nà àtijọ́ tí GCC fi ń rántí èsì ìfiwéra, bóyá nọ́ńbà kan ju èkejì lọ. Àwọn olùtọ́jú GCC pinnu láti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Apá tí kò bá sì yí padà yóò bá a lọ. Ẹ̀rọ AVR kò yí padà rárá, síbẹ̀ apá rẹ̀ nínú GCC fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Àwọn olùlò dá owó jọ fún ẹni tó bá lè ṣe é, a sì ṣe é kí GCC 12 tó jáde ní 2022. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó ń lo ATmega328P lónìí ń jẹ nínú iṣẹ́ tí kò fi ohun tuntun kankan kún ẹ̀rọ rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba ìyìn, torí bó bá yọrí, ohun gbogbo á dà bí ti àná.

5. Ìgúnlẹ̀

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìwé àlàyé GCC kò pọ̀: kí ó ya ẹ̀rọ tí atúmọ̀ mọ orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ilé rẹ̀ pé nínú avr-libc, kí ó sì dárúkọ ẹ̀dà méjèèjì tó bára mu. Ní tiwa, kí ẹ̀ka tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ yẹ ohun mẹ́ta náà wò lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìdílé, fáìlì àdírẹ́sì, fáìlì ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣaláìsí, kí a gba àpò náà lẹ́ẹ̀kan, kí a tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí gbogbo kíláàsì yóò ti máa dà á kọ. Bí a bá sì rí àṣìṣe nínú fáìlì avr-libc, kí a kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí a fi nọ́ńbà inú ìwé ẹ̀rọ náà ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fara balẹ̀ ka ìwé ẹ̀rọ kan tán lè ṣe èyí.