Irin Orí Òpó

Ní Igando, ilé ilẹ̀ tó ń retí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í fi ara pamọ́: irin máa ń yọ lórí àwọn òpó rẹ̀. Bí owó bá dé, bíríkìlà kò ní wó ilé. Á ha ìpẹtà ara irin náà kúrò, á fi wáyà so irin tuntun mọ́ ọn, kó tó da kọnkéré. Bẹ́ẹ̀ ni Tade Thompson, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìlú Ọba, ṣe kọ The Rosewater Insurrection (2019), apá kejì nínú ìwé mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ wo irin tí apá kìíní, Rosewater (2016), fi sílẹ̀. Wormwood, ẹ̀dá kan láti ojú òfuurufú, já lu Lọ́ńdọ̀nù, ó gba abẹ́ ilẹ̀, ó sì yọrí ní Nàìjíríà. Ìlú kan, Rosewater, yí i ká, nítorí Wormwood máa ń wo aláìsàn sàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kaaro, tó ń wọ inú ọkàn ẹlòmíì, nìkan ló ń ròyìn. Kí ìwé tó parí, ó ti mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì àjèjì ń gba ipò ti ènìyàn.

Nínú apá kejì, Thompson wá gba ìtàn lẹ́nu Kaaro nìkan, ó pín in fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aminat, tí a ti mọ̀ bí olólùfẹ́ Kaaro, wá ń jẹ́ iṣẹ́ fún S45, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba.

Lẹ́yìn èyí ló so oríkèé tó le jù. Obìnrin kan, Alyssa, jí nínú ilé ara rẹ̀. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ọkọ, kò mọ ọmọ. Kò sí àlàyé kankan lórí sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ẹni tí kò ka apá kìíní ń bá Alyssa wá ara rẹ̀ kiri. Ẹni tó kà á ti mọ ohun tó gba ara obìnrin náà, àyà rẹ̀ sì ti já. Ìran kan ṣoṣo ló ń sìn wọ́n méjèèjì.

Lórí oríkèé yìí ló wá gbé ẹrù lé. Jack Jacques, méyọ̀ ìlú, fẹ́ ya Rosewater kúrò lára Nàìjíríà, Wormwood ló sì fẹ̀yìn tì fún ààbò. Ṣùgbọ́n ewéko kan ti ń jẹ Wormwood. Àìsàn Wormwood àti ogun ìyapa náà jọ ń gòkè ni, tó fi jẹ́ pé a ti mọ bí òpó ṣe sán tó nígbà tí ẹrù bá wúwo. Thompson tún fi òǹkọ̀wé kan, Walter Tanmola, sáàárín ìjà náà kó máa kọ bó ṣe ń lọ.

Kò lo gbogbo irin náà tán. Oyin Da, ọmọbìnrin tó ti fara hàn nínú apá kìíní, òun ló gba ìròyìn sọ nínú apá kẹta, The Rosewater Redemption, tó jáde lọ́dún 2019 kan náà.