Ojú Tí Ìjọ Fi Ń Wo Ère Ìjìyà Olúwa

Láti ìgbà tí ìhìn rere ti wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àwọn ará ìjọ kò fi ojú kan náà wo ère àti àwòrán tí ó ń fi ìjìyà Krístì hàn. Ohun tí ó ba baba lẹ́rù ni ó pa ọmọ lẹ́kún, ọmọ-ọmọ sì ń wò ó kọjá. Ó tọ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí àwọn olùkọ́ wa ní Ifọ̀, ní Mowé àti ní Ìbàfò ni ó ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han àwọn ọmọdé.

Nígbà tí Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ìlú tí ère kún inú rẹ̀ ni wọ́n bá. Lójú àwọn tí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́, kíkó ère dànù ni àmì pé ènìyàn ti yípadà. Ẹ̀rù yìí kò tíì tán. Ẹni tí ó bá ń rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lónìí yóò rí ilé ìsìn lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ wọn, bí àgbélébùú bá tilẹ̀ wà, àgbélébùú lásán ni, kò sí ara ẹni tí a kàn mọ́ ọn.

Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. George Bándélé, ọmọ Àrèògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, gbẹ́gi níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí í ṣe Mùsùlùmí, sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní irú ọwọ́ tí ń gbẹ́ ẹ̀pa àti ọpọ́n ifá kò yẹ kí ó gbẹ́ Olúwa.

Àwíjàre mìíràn tún wà tí ó wúwo ju èyí lọ. Nínú ọnà ilẹ̀ wa, agbẹ́gilére kì í sábà gbẹ́ ènìyàn nínú ẹkún tàbí nínú ìrora. Orí a tóbi, ojú a là gbalaja, ẹnu a pa dé, ara a sì dúró ṣinṣin; ìwà ẹni náà ni ó ń gbẹ́, kì í ṣe ohun tí ó dé bá a. Bí a bá gbẹ́ Olúwa báyìí lórí igi, àwọn kan yóò bèèrè pé, Níbo ni ìjìyà wà?

Ní ọdún 2004, sinimá Mel Gibson, The Passion of the Christ, dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú pàṣán àti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa wò ó, a sì sunkún. Ṣùgbọ́n irú ẹkún bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Ẹni tí ó bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ a ti mọ́ ẹ̀jẹ̀ lára. Ère onígi kò bèèrè ẹkún. Ó ń bèèrè pé, Ta ni ẹni tí ó lè fara da èyí láìwí nǹkan? Ìdákẹ́jẹ́ Olúwa níwájú Pílátù ni ó ń sọ fún wa.

Síbẹ̀ ère náà kò sọ ohun gbogbo. Olúwa làágùn ní Gẹtisémánì, ó sì ké rara lórí igi; ojú tí kò yí padà kò lè ròyìn èyí. Nítorí náà ni a ṣe ka iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya sí púpọ̀. Ní ọdún 1966, Kevin Carroll kan náà ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó ya Ọ̀nà Àgbélébùú, àwòrán mẹ́rìnlá, sí ilé ìsìn St. Paul ní Ebute Metta. Ní ọdún 1969 ó fín mẹ́rìnlá náà, ó sì fi tàdáwà tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó wọ àwọn ènìyàn inú ìtàn náà. Ibí ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá ń wo sinimá lè máa di ẹ̀bi náà ru àwọn Júù àtijọ́. Ẹni tí ó bá rí aṣọ bàbá rẹ̀ láàárín àwọn tí ó yí Olúwa ká kò lè wí bẹ́ẹ̀ mọ́.

A kò fi ẹ̀rù àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ère lè gba ipò Ẹni tí ó dúró fún. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé lè dúró kí ó má rí i. Olùkọ́ ni yóò fi hàn án. Kí olùkọ́ má ṣe bi ọmọ pé, Ṣé àánú ṣe ọ́? Kí ó bi í pé, Kí ni Olúwa ń ṣe nígbà tí ó ń jìyà, àti pé, Ta ni ó dúró tì í? Àwòrán tí ó bá lè mú ìdáhùn méjèèjì wá ni kí a gbé kọ́ ara ògiri.