Ìlù Tí Ń Sọ̀rọ̀ àti Etí Tí Kò Gbọ́: Àyẹ̀wò Fíìmù Yorùbá Mẹ́ta

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ fíìmù kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa olùkọ́ èdè Yorùbá. Láti ìgbà tí Ọlá Balógun ti gbé Àjàní Ògún jáde ní ọdún 1976, tí Hubert Ògúndé náà sì gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, ni àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ pé orin, ijó àti ìlù tí a ń wò lórí ìtàgé lè wọ inú fíìmù láìtẹ́. Láyé ìgbà náà, inú gbọ̀ngàn ni a ti ń wò wọ́n. Ẹgbẹ́ òṣèré yóò gbé fíìmù wọn wá sí ìlú, a ó san owó ìwọlé, a ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún di ọjọ́ mìíràn. Lónìí, inú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wo fíìmù, yálà lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí lórí fóònù.

Ìyípadà yìí ju ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó lọ. Ohun tí ìlù bá sọ nínú gbọ̀ngàn, bí etí kò bá tètè gbá a mú, ó ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nílé lè dá fíìmù dúró, ó lè dá a padà sẹ́yìn, ó sì lè gbọ́ gbólóhùn kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Fíìmù inú ilé ti di nǹkan tí a lè kà bí ẹni ń ka ìwé. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí á bèèrè pé: irú fíìmù olórin àti onílù wo ni ó yẹ kí á wò nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa?

Ìdáhùn tiwa ni pé èyí tí ìtàn rẹ̀ kò lè dúró bí a bá yọ ìlù àti orin kúrò nínú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ fíìmù ni ó ń fi ìlù ṣe ọ̀ṣọ́: ọba ń jáde, a lu ìlù, ìyàwó ń ròde, a kọrin. Bí a bá pa ohùn rẹ̀, kò sí ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ òǹwòran. Òṣùwọ̀n yìí ni a ó fi wo fíìmù mẹ́ta: Ṣaworoidẹ, Arugbá àti Ẹlẹ́ṣin Ọba.

2. Ohun tí ìyáàlù ń sọ

Kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí á rán ara wa létí bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn wọ̀nyí ni ìyáàlù dùndún ń gbé jáde. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, ohùn á wálẹ̀. Ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò sì lè pe fáwẹ̀lì.

Nítorí èyí, bí onílù bá lu ‘ilé ọba’, ohùn kan náà ni ‘ajá ọdẹ’ ní. Ta ni yóò wá sọ èwo ni onílù ń wí? Ẹni tí ó mọ ibi tí a wà ni, tí ó mọ ẹni tí a ń kì, tí ó sì mọ òwe tàbí oríkì tí gbólóhùn náà ti jáde. Ìmọ̀ àṣà ni ó ń parí iṣẹ́ tí ọwọ́ onílù bẹ̀rẹ̀.

Ibí ni fíìmù ti wúlò ju rédíò àti rẹ́kọ́ọ̀dù lọ. Nínú fíìmù, ojú ń rí ẹni tí a ń lu ìlù fún, ó ń rí ìgbà àti ibi, ó sì ń rí bí ojú ẹni náà ṣe yí padà. Bí olùdarí eré bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán yóò máa ran etí lọ́wọ́.

3. Ṣaworoidẹ

Túndé Kèlání ni ó darí fíìmù yìí, ilé-iṣẹ́ Mainframe ni ó sì gbé e jáde ní ọdún 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó papò dà ní ọdún 2018, ni ó kọ ọ́. Ìlú Jogbo ni ibùdó ìtàn náà. Májẹ̀mú wà láàárín ìlú àti ọba pé ẹni tí yóò jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí ó sì búra, kí ó tó dé adé idẹ. Ìlù tí a so ṣaworo idẹ mọ́ ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́, bí wọ́n bá lu ìlù náà sí i létí, orí ni yóò máa fọ́ ọ títí yóò fi kú.

Lápité fẹ́ jẹ ọba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ májẹ̀mú, nítorí pé májẹ̀mú kò ní jẹ́ kí ó ráyè kó owó ìlú jẹ. Ó fi ìbọn halẹ̀, ó sì gba adé. Láti ọjọ́ náà ni ìlù ti di ọ̀tá rẹ̀. Àwọn agégẹdú ń run igbó Jogbo, owó ń wọ àpò ọba àti àwọn ìjòyè. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ yarí, Lápité ké sí ológun kan tí ń jẹ́ Lagata. Lagata pa Lápité, ó sì fẹ́ dé adé náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ó fẹ́ dé e gan-an ni Àyánníyì, ọmọ Àyángalú onílù, lu ṣaworoidẹ, tí Lagata sì ṣubú tí ó kú.

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni fíìmù yìí ń sọ, pé ìlù kàn jẹ́ aṣọ tí a fi bò ó. Wọn kò ṣàìrí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé ọdún 1999 kan náà ni àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á lo òṣùwọ̀n wa. Bí a bá yọ ìlù kúrò, kò sí májẹ̀mú, kò sí ohun tí ń ba Lápité lẹ́rù, kò sì sí ohun tí yóò dá Lagata dúró. Ìbọn gba adé ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ìbọn kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ọba. Ìlù ni òfin Jogbo, ìdílé àyàn ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe lásán ni òǹkọ̀wé fi pe onílù rẹ̀ ní Àyángalú, orúkọ tí gbogbo ọmọ àyàn fi ń pe baba ńlá wọn.

Ẹ̀dá ìtàn kejì tí a kò gbọdọ̀ fò ni Òpálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe. Akéwì ni Fálétí kí ọlọ́jọ́ tó dé ní ọdún 2017, a sì gbọ́ akéwì lẹ́nu Òpálábá. Òwe àti orin ni ó fi ń dá àwọn ìjòyè lóhùn. Kò ní ìbọn, kò ní oyè tí ó lágbára, síbẹ̀ ohun tí ó wí ni ó ń ṣẹ.

Fíìmù yìí ní àléébù kan, a kò sì ní fi bò. Ní ìparí, agbára ìlù ni ó pa Lagata, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ. Òǹwòran tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ìlù lè gbádùn ìparí náà ní àgbádùntán. A bẹ̀rù ìlù nínú Ṣaworoidẹ ju bí a ti gbọ́ ọ lọ. Bí a bá fi ọmọdé sílẹ̀ láti dá wò ó, ó lè rò pé oògùn ni gbogbo iṣẹ́ ìlù.

4. Arugbá

Ọdún 2008 ni Kèlání kan náà gbé Arugbá jáde. Adétutù, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ni a yàn láti ru igbá lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀dọ́bìnrin náà tún ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀. Bùkọ́lá Awóyẹmí ni ó ṣe Adétutù. Peter Badejo, ẹni tí a mọ̀ sí ọ̀gá nínú ijó jíjó, ni ó ṣe ọba. Ẹni tí ó bá mọ ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí Àjọ UNESCO fi igbó rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, yóò mọ ibi tí fíìmù náà ti fa omi mu.

Orin méjì ni ó wà nínú fíìmù yìí, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni orin tí ẹgbẹ́ Adétutù ń kọ. Ó dùn, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, ìtàn yóò ṣì máa lọ. Èkejì ni orin àti ìlù ọjọ́ ọdún. Arugbá kì í sọ̀rọ̀ bí ó bá ru igbá. Kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Orin àwọn èrò àti ìlù tí ó yí i ká ni ó ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí gbogbo ahesọ tí wọ́n ti ń sọ nípa ìwà mímọ́ rẹ̀. Ẹ yọ ìlù ibẹ̀ kúrò, ẹ ó rí i pé ọmọbìnrin kan tí ó gbé igbá lórí nìkan ni ó kù.

Ohun tí ó dín iyì fíìmù yìí kù lójú tiwa ni pé ó kó ìtàn púpọ̀ jọ: ìwà ìbàjẹ́ àwọn ìjòyè, ọ̀rọ̀ ìlera, ìfẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà mìíràn, orin a dúró láti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń ka ìkéde. Bí ó ti wù kí ó rí, ìrìn arugbá nìkan tó ohun tí a lè fi wákàtí kan wò.

5. Ẹlẹ́ṣin Ọba

Bíyìí Bándélé ni ó darí fíìmù yìí. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, kí fíìmù náà tó jáde ní ọdún kan náà. Ìtàn abọ́bakú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dí lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́ ni. Dúró Ládipọ̀ ti fi í ṣe Ọba Wàjà ní ọdún 1964. Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní eré onítàn tí ó jáde ní ọdún 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ọdún 1994. Ìwé Ṣóyínká ni Bándélé gbé karí fíìmù. Ọdúnladé Adékọ́lá ṣe Ẹlẹ́ṣin, olórin Brymo sì ṣe Olóhùn-iyọ̀.

Nínú ìwé Ṣóyínká, ibì kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ èdè mọ̀ dunjú. Aláṣẹ òyìnbó, Pilkings, ń gbọ́ ìlù láti òkèèrè. Ó bi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Joseph, pé kí ni ìlù ń sọ. Joseph fetí sílẹ̀, ó ní ó dún bí ikú ènìyàn ńlá. Ó tún fetí sílẹ̀, ó ní ó dún bí ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọn lójú. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù kò ṣì wí. Ní òru ọjọ́ kan náà ni Ẹlẹ́ṣin ń gbé ìyàwó, tí ó sì yẹ kí ó kú. Méjèèjì ni ìlù sọ, méjèèjì ni Joseph gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti jìnnà sí ilé débi pé kò lè so wọ́n pọ̀.

Oore tí fíìmù yìí ṣe wá ni pé ó dá ohùn Olóhùn-iyọ̀ padà sínú Yorùbá, a sì ń gbọ́ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń ti Ẹlẹ́ṣin síwájú. Ó yege nínú òṣùwọ̀n wa, nítorí pé láìsí Olóhùn-iyọ̀ àti ìlù, kò sí ohun tí yóò gbé Ẹlẹ́ṣin dé ẹnu ààlà. Ohun tí a rí wí sí i ni pé àwòrán a máa sáré ju ìlù lọ nígbà mìíràn. Ojú a ti kúrò lọ́jà kí etí tó gbọ́ tán.

6. Iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́

A kò gbọdọ̀ tan ara wa: Joseph pọ̀ nínú kíláàsì wa. Ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá nílé, tí ó sì gba máàkì gidi nínú ìdánwò, lè gbọ́ ìyáàlù kí ó má mọ̀ pé wọ́n ń bá òun wí. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán sì ń dá kún un. Bí ẹ̀dá ìtàn bá sọ̀rọ̀, a ó rí ìtumọ̀. Bí ìlù bá sọ̀rọ̀, a kì í sábà rí nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ariwo ni ìlù.

Ohun mẹ́ta ni a dá lábàá. Èkíní, kí á kọ́kọ́ wo fíìmù láìsí ìtumọ̀ ìsàlẹ̀. Bí kò bá ṣeé pa, kí á fi páálí bò ó. Èkejì, níbi tí ìyáàlù bá ti dá sọ̀rọ̀, kí á dá fíìmù dúró, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dò, re, mí kọ ohùn tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì wá òwe tàbí oríkì tí ó bá ohùn náà mu, tí ó sì bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán mu. Èkẹta, kí á wá ọmọ àyàn kan ní àdúgbò kí ó wá ṣe ìdájọ́. Yóò yà á lẹ́nu pé ilé-ìwé pe òun ní olùkọ́, àwọn ọmọ yóò sì mọ̀ pé ìmọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

A sì ń bẹ àwọn tí ń ṣe fíìmù pé kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ ìlù sí ojú àwòrán ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì máa to orúkọ onílù mọ́ ti àwọn òǹkọ̀wé, nítorí pé ó bá wọn kọ̀wé.

7. Ìkádìí

Nínú fíìmù mẹ́ta tí a yẹ̀ wò, Ṣaworoidẹ ni a fi ṣíwájú, nítorí pé ìlù ni òpó tí ó gbé ilé rẹ̀ ró. Ẹlẹ́ṣin Ọba ni ó tẹ̀ lé e, Arugbá sì ni ìkẹta, kì í ṣe pé ó burú, bí kò ṣe pé apá kan nínú orin rẹ̀ nìkan ni ìtàn kò lè ṣe kí ó má lò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yẹ ní wíwò nílé, a sì rọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa pé kí ẹ wò wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fíìmù lè tọ́jú ohùn ìyáàlù fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò lè tọ́jú etí tí yóò gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, kò sì yẹ kí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.