Wọn Kò Bi Bàbá Léèrè

Àwòrán inú ikùn ènìyàn ni sinimá náà fi bẹ̀rẹ̀, dúdú àti funfun, bí èéfín tó dì sójú kan. Ohùn kan wá sọ fún wa pé ikùn ẹni tí a fẹ́ wo ìtàn rẹ̀ nìyí, pé àrùn jẹjẹrẹ ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olúwa rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àwa òǹwòran (fóònù ọmọ mi ni èmi fi wò ó ní tèmi) ti mọ ohun tí yóò pa ọkùnrin náà kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́.

Ikiru ni orúkọ sinimá yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Jàpáánì ni "láti wà láàyè". Akira Kurosawa ló ṣe é ní 1952. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fẹ́ sọ tẹnu mi nípa rẹ̀ àti nípa èkejì rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022, nítorí ọ̀rọ̀ inú wọn kan gbogbo ẹni tó ti gbé bàbá tàbí ìyá lọ sí ọsibítù rí.

Kanji Watanabe jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kan ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Inú ń run ún, ló bá lọ sí ọsibítù. Níbi tó jókòó sí tó ń retí kí wọ́n pè é, ọkùnrin aláròyé kan sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní èdè àwọn dókítà. Bí wọ́n bá ti ní ọgbẹ́ inú tí kò le ni, tí wọ́n ní kò sí pé à ń ṣiṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ní kí o máa jẹ ohun tó bá wù ọ́, jẹjẹrẹ ni o, kò sì lè tó ọdún kan mọ́. Watanabe sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fẹ́ jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pè é wọlé. Dókítà ní ọgbẹ́ inú tí kò le ni. Kò sí iṣẹ́ abẹ. Kí ó máa jẹ ohun tó bá wù ú, bí kò bá ṣáà ti ni ikùn lára. Kóòtù bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó bẹ dókítà pé kó jọ̀ọ́, kó sọ òótọ́ fún òun. Dókítà ní rárá, ọgbẹ́ kékeré ni. Takashi Shimura tó ṣe Watanabe kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ẹyinjú rẹ̀ sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ó jáde. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí o. Dókítà kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá ọkùnrin náà á lo ọdún kan. Ọ̀gá ní oṣù mẹ́fà ni, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá bi ọmọ náà pé, ká ní ìwọ ló kù oṣù mẹ́fà fún, kí lo máa ṣe? Ó tún yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó bi òun náà. Nọ́ọ̀sì ní oògùn oorun tó lè pa ènìyàn kúkú wà lórí pẹpẹ níbẹ̀ yẹn.

Ìbéèrè náà dára. Ẹni tó yẹ kí wọ́n bi ni wọ́n ti tì jáde.

Gbogbo ohun tó kù nínú sinimá náà, láti inú ìbéèrè tí wọn kò bi í yìí ló ti jáde. Ọkùnrin náà délé, ó jókòó sínú òkùnkùn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wọlé, wọn kò mọ̀ pé bàbá wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣírò ohun tí wọn yóò fi owó ìfẹ̀yìntì bàbá ṣe. Kò lè sọ fún ọmọ náà. Nígbà tó tún gbìyànjú, ìbínú ni ọmọ fi dá a lóhùn kó tó la ẹnu dáadáa. Ta ló wá sọ fún? Òǹkọ̀wé kan tó bá pàdé nílé ọtí, àti ọmọdébìnrin kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Àjèjì gbọ́, ọmọ inú rẹ̀ kò gbọ́. Níkẹyìn ó fi oṣù tó kù lé àwọn ọ̀gá kiri ní ọ́fíìsì títí wọ́n fi sọ kòtò omi ìdọ̀tí kan di ọgbà ìṣeré àwọn ọmọdé. Orí jangirọ́fà inú ọgbà náà ló kú sí, nínú yìnyín.

Àwọn kan ń ráhùn pé àìsùn òkú tó tẹ̀ lé e ti gùn jù, pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kàn ń mutí, wọ́n ń jiyàn. Mi ò gbà. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé ni bóyá òkú mọ̀ pé òun fẹ́ kú. Ọmọ rẹ̀ ní kò mọ̀, pé bó bá mọ̀ ni, ì bá sọ fún òun, pé oríire ni pé kò mọ̀. Àwa tí a ń wò ń pariwo nínú ara wa pé ó mọ̀, ó mọ̀! Irọ́ dókítà kò bo ikú náà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí bàbá ì bá bá sọ ọ́ nìkan ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ "ẹ máa jẹ ohun tó bá wù yín" yẹn, ṣé ẹ kò gbọ́ ọ rí? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù kan, dókítà fi ojú pe àkọ́bí wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa gbé Bàbá lọ sílé. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ jẹ, ẹ fún wọn." Bùọ̀dá mi nu ojú, wọ́n padà wọlé, wọ́n ní, "Bàbá, wọ́n ní ara yín ti ń yá. Ilé yá lọ́la." Bàbá wò wọ́n títí. "Ó dáa," ni wọ́n wí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí sinimá kejì. Living ni wọ́n pè é. Kazuo Ishiguro, tí wọ́n bí ní Nagasaki ní 1954 tó sì dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́; Oliver Hermanus, ọmọ South Africa, ló darí rẹ̀. Wọ́n gbé ìtàn náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1953, Bill Nighy sì di Ọ̀gbẹ́ni Williams. Ó rẹwà, ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, aṣọ wọn mọ́ tónítóní. Dókítà tibẹ̀ kò purọ́. Ó sọ ọ́ fún un gbangba, ó dá oṣù fún un, ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í rọrùn láti sọ. Ọ̀gbẹ́ni Williams dá a lóhùn ní gbólóhùn kan bí ọmọlúàbí, ó tán.

Àwọn tó yin sinimá yìí rò pé ohun tó yàtọ̀ nìyẹn, pé ọ̀kan purọ́, èkejì sọ òótọ́. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìwé ìdájọ́ ni dókítà Lọ́ńdọ̀nù kà fún aláìsàn, kò bi í ní ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí Williams náà fi délé tí kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀, tí òun náà tún lọ sọ fún àwọn àjèjì. Ishiguro yọ ìbéèrè dókítà Jàpáánì yẹn kúrò pátápátá, mo sì rò pé ó ṣàṣìṣe. Nínú ti Kurosawa, ó kéré tán, a gbọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n bi í.

Àwọn dókítà gan-an ti rin ìrìn yìí. Ní 1961, wọ́n bi àwọn dókítà 219 ní ọsibítù kan ní Chicago, 90 nínú 100 ló ní àwọn kì í fẹ́ sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ni. Nígbà tí wọ́n tún béèrè irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1979, 97 nínú 100 ló ní àwọn á sọ. Ọdún méjìdínlógún péré! Ṣùgbọ́n sísọ kọ́ ni ìjíròrò. Oníṣẹ́ abẹ nì, Atul Gawande, sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, Being Mortal, ní 2014, pé òótọ́ ni òun ń kó jọ fún aláìsàn títí ó fi yé òun pé òun kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn. Dókítà obìnrin kan ló là á lójú, Susan Block. Bàbá obìnrin yìí fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn tó léwu. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ó bi bàbá rẹ̀ pé irú ayé wo ló ṣì tẹ́ ẹ lọ́rùn láti máa gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni bàbá náà o, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé bí òun bá ṣáà lè máa jẹ áísìkirimù, kí òun sì máa wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun lọ. Iṣẹ́ abẹ yíwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ní kí ọmọ sọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Ó bi wọ́n bóyá bàbá òun á ṣì lè jẹ áísìkirimù kó sì wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bàbá náà tún lo ọdún mẹ́wàá.

Ẹnìkan á sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, pé àṣà tiwa kò gbà á. Àbí? Àwọn bàbá ńlá wa tí wọ́n rí ikú lọ́ọ̀ọ́kán, ṣé wọn kì í pe àwọn ọmọ jọ ni? Wọn á sọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, ẹni tí àwọn jẹ, ọmọ tí kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀, wọn á sì wúre. Ìjíròrò wo ló ju ìyẹn lọ? Irọ́ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kì í ṣe àṣà àtijọ́ rárá. Ìbẹ̀rù tiwa ni.

Mi ò bá Bùọ̀dá mi jà. Ta ni yóò kọ́kọ́ la ẹnu níwájú bàbá rẹ̀ sọ irú rẹ̀, nígbà tí dókítà tó kàwé fún un pàápàá sá jáde? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá lò nílé. Ní ọjọ́ ìsìnkú, Bùọ̀dá ń sọ fún àwọn àlejò pé ó ṣeun tí Bàbá kò mọ̀, pé wọn kò ronú kú. Ìyá mi wà nítòsí, wọn kò fọhùn. Ó di alẹ́ kí wọ́n tó sọ fún mi pé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé Bàbá dé láti ọsibítù, Bàbá pè wọ́n sínú yàrá, wọ́n ka owó lé wọn lọ́wọ́, owó pákó tí wọ́n jẹ ọ̀rẹ́ wọn kan láti ìgbà tí wọ́n ń kan òrùlé ilé. Wọ́n ní, "Ìyàwó, bá mi gbé e fún un kí n tó lọ. Má sọ fún àwọn ọmọ o. Wọn kò tíì mọ̀, ọkàn wọn kò sì ní gbé e."