Ìfẹ́, Ẹ̀fẹ̀ àti Aṣọ nínú Sinimá Ó Le Kú

Túndé Kèlání ló darí Ó Le Kú fún ilé-iṣẹ́ Mainframe ní ọdún 1997. Inú ìtàn àròsọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974 ni sinimá náà ti jáde. Láti 1938 ni òǹkọ̀wé Fágúnwà ti kó àwọn òǹkàwé Yorùbá wọ igbó irúnmọlẹ̀. Ìṣọ̀lá kó tirẹ̀ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, kò sì sí iwin kankan níbẹ̀ ju ọkàn ọmọkùnrin tí kò mọ èyí tí yóò mú.

Àjàní, tí Yẹmí Ṣódìmú ṣe, ni ọmọkùnrin náà. Ó kù díẹ̀ kó gboyè jáde, ìyá rẹ̀ sì ti ń dà á láàmú pé kó mú ìyàwó wálé. Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wù ú. Akọ̀wé tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin wá di odi nígbà tó yẹ kó sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún obìnrin. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá. Kò jọ ẹ̀rín Bàbá Sàlá nínú Ọ̀run Mooru (1982), níbi tí ìmúra òṣèré nìkan ti tó pani lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, ẹ̀fẹ̀ a sì máa di ẹkún kí òǹwòran tó mọ̀. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ àgbéléwò ń di ẹ̀bi ru àjẹ́ àti òrogún, ọrùn Àjàní gan-an ni ìtàn yìí gbé e kọ́.

Iṣẹ́ kámẹ́rà ni Kèlání ti ń ṣe kó tó di olùdarí. Òun ló ya Fopomoyo (1991) ti Jímọ̀ Àlíù, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì. Ará Ìtapàjí tàbí Ìkọ̀lé, ní Èkìtì kan náà, tó bá fi ọfọ̀ àti oògùn mọ eré Àlíù lè má tètè gbà pé ojú kan náà ló ya àwọn ọmọge Ìbàdàn wọ̀nyí.

Aṣọ ni Kèlání fi dá àwọn ọdún tó ti kọjá padà. Ìró àwọn ọmọge náà kúrú, kò ju orúnkún lọ. Apá bùbá fẹ̀. Gèlè sì jókòó sórí láìgbéraga. Bí ọmọge bá ń rìn, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, Àjàní tó sì ń wò ó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Àwọn tó wo sinimá náà gba àrà yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán an fún òde ìgbéyàwó, orúkọ sinimá ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó wọ̀ ọ́ ni a kò tíì bí nígbà tí ìwé náà jáde.

Ibi tí sinimá náà ti rọ̀ ni pé àwọn òṣèré a máa sọ̀rọ̀ jù. Ohun tí ìwé lè fi pamọ́ sínú ọkàn, ẹnu ni wọ́n fi ń tú u síta, bíi ti orí ìtàgé. Ẹni tó bá fẹ́ràn èdè Ìṣọ̀lá kò ní ráhùn sí i. Ẹni tó fẹ́ kí ìtàn yára lè máa wo aago.