Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá àti Àmì Ohùn: Àgbéyẹ̀wò Díẹ̀ Nínú Àwọn Ohun Èlò Ìgbàlódé fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Kò sí àní-àní mọ́ pé ẹ̀rọ ayárabíàṣá ti wọ kíláàsì Yorùbá. Kì í ṣe àwa olùkọ́ ni a pè é wọlé. Àwọn ọmọ ni wọ́n gbé e wọlé nínú àpò. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju pé kí á yẹ díẹ̀ nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí wò bí a ti í yẹ ìwé ìdánwò wò: kí á mọ ibi tí wọ́n ti gba máàkì, ibi tí wọ́n ti pàdánù, àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Akówọnjọ ni a ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ẹ̀gùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Hausa ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Àbáyọrí méjèèjì ni pé Yorùbá jẹ́ dandan fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní ẹni tí wọn óò bi léèrè nílé bí kò ṣe fóònù.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó ta wá jí. A fún kíláàsì SS2 ní iṣẹ́ àmúrelé pé kí wọ́n fi àmì ohùn tí ó yẹ sí gbólóhùn mẹ́wàá. Ọmọbìnrin kan tí Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ gba méjì péré. Inú bí wa sí i. Nígbà tí ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn wá, a rí i pé ó ti kọ́kọ́ fi ọpọlọ ara rẹ̀ dáhùn, mẹ́jọ nínú rẹ̀ sì tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ó bi fóònù, tí fóònù sọ ohun mìíràn fún un, ni ó bá pa tirẹ̀ rẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni."

Báwo ni ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ìṣirò tí orí ènìyàn kò lè gbé ṣe wá mọ Yorùbá tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ tọpa rẹ̀.

Àtẹ ìtẹ̀wé àti àkọtọ́

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọtọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Gbogbo wa ni a mọ àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 fún lílò ní ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní. Mẹ́ta nínú wọn, ẹ, ọ àti ṣ, kò sí lórí àtẹ ìtẹ̀wé òyìnbó, kí á má tilẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ní ayé tàpùréètà, olùkọ́ á tẹ ìbéèrè tán, á wá mú báírò, á sì máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn kan dá ọgbọ́n kan: wọ́n ṣe fọ́ǹtì tí ó ń fi àwòrán lẹ́tà wa bo àmì mìíràn mọ́lẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tí a ti tẹ̀ ẹ́, ó dùn ún wò. Bí a bá gbé e dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, ó di wúruwùru. A ní díìsì kan nílé tí ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè kà á mọ́, àní àwa tí a tẹ̀ ẹ́.

Ìlànà Unicode, tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń tẹ̀ lé báyìí, ti yanjú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìṣòro yẹn, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Nínú ìlànà náà, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀. Ẹ́ kò ní. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ọ́ ní láti tẹ ẹ, kí ó wá gbé àmì ohùn òkè lé e bí ohun ọ̀tọ̀. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ é, kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta lè lo ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà, bí ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, dípò àmì roboto. Lójú ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ó lè di mẹ́ta. Olùkọ́ tí ó bá ń wá ọ̀kan nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ pé kò sí níbẹ̀.

Ètò lẹ́tà náà ńkọ́? Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, bí a ti í tò wọ́n nínú ìwé atúmọ̀ wa (1a) àti bí ẹ̀rọ tí a ṣètò fún Gẹ̀ẹ́sì ti ń tò wọ́n (1b):

(1) a. gé, gíga, gún, gbà
b. gbà, gé, gíga, gún

Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb. Ọmọ JSS1 tí ó bá fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ yìí yóò kùnà, yóò sì bá olùkọ́ jiyàn.

Síbẹ̀ kò yẹ kí á máa ráhùn nípa àtẹ ìtẹ̀wé mọ́. Ti Yorùbá wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tún fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Iṣẹ́ náà gan-an wúlò fún wa ju bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti mọ̀ lọ. Ó ń kọ orúkọ ènìyàn pẹ̀lú àmì, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ó sì ń tú u palẹ̀ sí mọ́fíìmù. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ SS1 ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ kò ní láti wá àpẹẹrẹ jìnnà. Orúkọ àwọn ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ tó.

Àwa olùkọ́ ni ó kù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a ń kọ ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. Olùyẹ̀wò tí ó yọ máàkì ọmọlọ́mọ ní ọ̀sán nítorí àmì ohùn ni yóò kọ "E kaale o, eyin eeyan mi" ní alẹ́, láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́. A kò yọ ara wa sílẹ̀. A ó rí i láìpẹ́ pé ọ̀ràn yìí ju ìwà ọ̀lẹ lọ.

Ẹ̀rọ atúmọ̀-èdè

Ní oṣù Kejìlá 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ atúmọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ gírámà bí a ti ń kọ́ ọ. Ó ń ka ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ, ó ń wo ọ̀rọ̀ tí ó sábà ń bá ọ̀rọ̀ rìn, ó sì ń fi èyí tí ó ti rí jù dáhùn. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ bi ni pé: kí ni wọ́n fún un kà? Bíbélì Yorùbá wà nínú rẹ̀, àti àwọn ìwé ẹlẹ́sìn mìíràn, nítorí àwọn ni ó pọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyókù ni ìròyìn àti ọ̀rọ̀ tí àwa ènìyàn ń kọ káàkiri, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà ní ìhòòhò.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí gbogbo olùkọ́ mọ̀:

(2) a. igba (ọgọ́rùn-ún méjì)
b. igbá (èyí tí a fi ń bu omi)
c. ìgbà (àkókò)
d. ìgbá (èso tí à ń jẹ)
e. igbà (okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ)

Bí ọmọ bá tẹ "igba" láìsí àmì, ìgbà ni ẹ̀rọ yóò sábà mú, nítorí pé òun ni ó kún inú Bíbélì àti ìròyìn. Ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́wàá tí a fún SS2 dá lórí adẹ́mu tí ó gbé igbà kọ́ èjìká. Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ igbà. Bàbá rẹ̀ àgbà dẹ́mu rí. Fóònù sọ ọ́ di ìgbà. Adẹ́mu wá gbé àkókò kọ́ èjìká, ó sì ń lọ sí oko.

Ti Èṣù kò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí Kọ́lá Túbọ̀sún wà lára wọn, ti pariwo pé ẹ̀rọ ń túmọ̀ Èṣù sí Sátánì. Wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ni ó dá àṣìṣe yẹn sílẹ̀. Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n lo orúkọ òrìṣà yìí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kàn kà á ni. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ SS3 ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lè fi àṣìṣe náà ṣe ẹ̀kọ́ gidi: kí ó fi ìtumọ̀ ẹ̀rọ sí ojú pátákó, kí ó fi oríkì Èṣù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ wá ibi tí méjèèjì ti yà. A ti dán an wò. Ariwo pọ̀ ní ọjọ́ náà, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ pásítọ̀.

Àwọn onímọ̀ kan kò kàn ń pariwo. Ní 2018, Iroro Orife tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí a ti lè kọ́ ẹ̀rọ láti dá àmì padà sórí Yorùbá tí a kọ láìsí àmì. Ní 2021, àwọn mìíràn gbé MENYO-20k jáde, àkójọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí a ti yẹ àmì rẹ̀ wò, tí ó tó 20,000. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí olùkọ́ 200 bá tẹ gbólóhùn 100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tí ó péye, láti inú iṣẹ́ tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, 20,000 mìíràn ti dé. Igbà yóò wà níbẹ̀, igbá yóò wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ilé ìdáná àti ti ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ yóò wà níbẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé ìsìn. Ẹgbẹ́ wa lè ṣe èyí ní sáà kan ṣoṣo. Ìdí rèé tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ WhatsApp ju ìwà ọ̀lẹ lọ: ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò kà, òun náà ni yóò sì fi kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀rọ adáhùn

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá 2022 ni irú ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn ti pọ̀. A bi ọ̀kan nínú wọn, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, pé kí ni àrànmọ́ fáwẹ̀lì. Ó dáhùn kíá, ó sì fi "ra ẹran" tí ó di "rẹran" ṣe àpẹẹrẹ. Ìpàrójẹ ni ìyẹn. Àrànmọ́ ni "ilé ìwé" tí ó di "iléèwé", tàbí "ará ìlú" tí ó di "aráàlú". Nígbà tí a bá a wí, ó bẹ̀ wá, ó sì tún ṣe àṣìṣe náà bákan náà. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, wà lọ́wọ́ wa. Kò jọ pé ẹ̀rọ náà ti rí wọn.

Ìdáhùn yìí léwu ju ti ẹ̀rọ atúmọ̀ lọ. Àṣìṣe ẹ̀rọ atúmọ̀ a máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ti ẹ̀rọ adáhùn dán, ó gún régé, ó ní orí àti ìdí, ọmọ yóò sì dà á kọ síwájú olùyẹ̀wò láìfura.

Ohun tí a lè yìn

Ní 2013, nígbà ìjọba Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ìwé 56 lórí iṣẹ́ 17 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Orúkọ náà bọ́ sí i, ó rán wa létí ọpọ́n Ifá. Èyí tí ó wù wá jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó wù wá pé ìwé inú rẹ̀ ní òǹkọ̀wé tí a lè dá lẹ́bi. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Fún ewì alohùn, a kò rí ohun tí ó dára tó fídíò. Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, orí bébà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti ń bá ìjálá pàdé. Nísinsìnyí wọ́n lè gbọ́ ẹkún ìyàwó àti ẹ̀sà egúngún lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Àbùkù kan wà: púpọ̀ nínú àwọn fídíò wọ̀nyí kò sọ ẹni tí ń sun ún, ìlú tí ó ti wá tàbí ọdún tí a gbà á sílẹ̀. Kí olùkọ́ wá èyí kí ó tó lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn olùyẹ̀wò. Láti 2015 ni JAMB ti fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò UTME. WAEC bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn olùdánwò aládàáni ní 2024, ó sì kéde 2026 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ tiwa, àmì ohùn máa ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà nígbà mìíràn, tàbí kí àpótí kékeré dípò rẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú ìbéèrè lórí ohùn, ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n di ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá kan máa jókòó síwájú ojú ẹ̀rọ náà, kì í ṣe síwájú bébà, kí á tó fọwọ́ sí ìbéèrè.

A gba ìwé ọmọbìnrin náà padà, a fún un ní mẹ́jọ. Ó bi wá bóyá kí òun pa fóònù tì. A ní rárá, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tẹ gbólóhùn adẹ́mu náà sínú rẹ̀, ó fi gbogbo àmì sí i bí ó ti yẹ. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ tún mú. Ó gbé e wá sí orí tábìlì wa.

"Sà," ó ní, "ẹ fún un ní òdo."